Ìyàwó Tó Fẹnu Ko Ewùrà

Orí màlúù ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ọdún mọ́kànlá gbáko ni wọn ò sì fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ẹlòmíì a máa jà nítorí ilẹ̀, nítorí oyè, nítorí obìnrin arẹwà. Tiwa ò ní láárí tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìyá wọn kú, a pa màlúù kan níbí ní Òsì. Àgbà ló ni orí ẹran, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti Kòrò títí dé Ìdofin. Àmọ́ Bàbá Kékeré, bí àwa ọmọ ṣe ń pe àbúrò bàbá wa, di orí náà sínú àpò, ó gbé e fún àwọn àna rẹ̀ tó wá láti Ìlọfà. Bàbá mi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń retí orí. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé orí ti wọ ọkọ̀, pé àfàìmọ̀ kó má ti dé Ìlọfà, ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní òun ò ní àbúrò mọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ti inú òun jáde kò gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ ilé ọ̀hún láéláé.

Ilé ọ̀hún ò sì jìnnà. Ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín wa. Bí Bàbá Kékeré bá sín láàárọ̀, à ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ sọ pé pẹ̀lẹ́. Bàbá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, Bàbá Kékeré di Mùsùlùmí nígbà tó ń ṣòwò ní Ìlọrin, wọ́n sì ti jọ ń jẹ ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésì fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí wàhálà. Mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ò lè yà wọ́n. Orí màlúù tí kò kún ìkòkò ọbẹ̀ kan ló yà wọ́n.

Èmi ni àkọ́bí bàbá mi. Mo ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi ti nílé tiwọn ní Ìlọrin, mo wá padà sí Òsì kí n máa dáná fún bàbá mi. Mi ò ní sùúrù, gbogbo ìlú ló sì mọ̀. Bàbá Kékeré ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ sílé ẹ̀kọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka aago. Síbẹ̀, fún ọdún mọ́kànlá, bí a bá pàdé lójú ọ̀nà, màá kúnlẹ̀, màá ní, "Ẹ kú ìrìn," á dáhùn, ó parí. Ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n ọmọ bàbá mi ni mí.

Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ yìí, àìsàn dá bàbá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ara rẹ̀ gbóná gan-an, ó lajú, ó ní, "Ó ti dé?" Mo ní, "Ta ni, bàbá?" Ó wò mí, ó yíjú sí ògiri. Mo mọ ẹni tó ń bèèrè. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ: kí àwọn méjèèjì jẹun nínú abọ́ kan náà kí ọ̀kan nínú wọn tó kú. Mo rán àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wa sí bàbá mi, bàbá mi ní kó lọ bá orí màlúù sọ̀rọ̀. Mo rán lèmọ́mù sí Bàbá Kékeré, òun náà ní òun ò lé ẹnikẹ́ni, kí ẹni tó lé òun wá pe òun. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Agbára mi ò ká àgbàyà méjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí nìyẹn nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Dùbáì, ránṣẹ́ pé òun ń mú ìyàwó bọ̀ wálé fún Kérésì. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti pàdé. Ọmọ Filipínì ni, láti erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Bohol. Inú mi ò dùn. Mo ti ní tíṣà kan lọ́kàn fún un ní Kòrò, ọmọ tó nídìí, tó lè gún iyán fún ogún èèyàn láìmí hẹlẹ.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró, obìnrin kékeré kan bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àpótí méjì tó jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gbé e mì. Ẹ̀bùn ló kún inú méjèèjì: máńgòrò gbígbẹ, ọṣẹ, agbọ̀n kéékèèké tí wọ́n fi ọwọ́ hun. Ó ní nílùú àwọn, ẹni tó ti ìrìn àjò dé kì í dé lọ́wọ́ òfo, kódà ọmọ aládùúgbò gbọ́dọ̀ rí nǹkan gbà. Èyí dùn mọ́ mi díẹ̀. Àmọ́ kò kúnlẹ̀. Ó lọ bá bàbá mi lórí àga, ó tẹríba, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ náà kan iwájú orí ara rẹ̀. Bàbá mi já ọwọ́ gbà.

"Kí lèyí? Àbí ó í gbóòórùn mi ni?"

Àbúrò mi ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nìyẹn, pé ìre tó wà lára àgbà ló ń gbà wọ orí ọmọ. Bàbá mi rò ó díẹ̀, ó ní kò burú, pé ó sàn ju kíkúnlẹ̀ lọ nítorí kì í dọ̀tí aṣọ. Láàárín ọjọ́ méjì, ó ti mọ́ ọn lára. Bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí, á ti na ọwọ́ dè é bíi bíṣọ́ọ̀bù.

Èmi náà jókòó, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mo là á yé e pé ọkọ rẹ̀ ni mí. Mo ní gbogbo ẹni tí wọ́n bá bá nínú ilé, ọkọ ìyàwó ni, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní ṣé mo máa ń hanrun. Àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé inú yàrá mi, mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Láti ọjọ́ náà, ó ń pè mí ní Mánàng, orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wọn, mo sì ń dá a lóhùn.

Ó dáná. Ó fi omi àgbọn àti ṣúgà se ìrẹsì, ó dì í sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. A rò pé mọ́ínmọ́ín ni, a tú u, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ata nínú rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì wá ní oúnjẹ ọmọ tí kò tíì héyín ni. Bàbá mi ní tirẹ̀ jẹ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti ìyàwó wa gun ọ̀kadà lọ sí Ìdofin. Ọyẹ́ ti dé, iná ti jó koríko orí àwọn òkè, gbogbo wọn pọ́n. Ló bá figbe ta pé kí ọlọ́kadà dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo òkè, omi ń jáde lójú rẹ̀. Ó ní ní Bohol, àwọn òkè kan wà tí wọ́n ju ẹgbẹ̀rún lọ, gbogbo wọn rí bákan náà, wọ́n rí roboto bí ebè iṣu, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, gbogbo wọn á pọ́n báyìí. Mo bi í pé ta ló kọ ebè. Ó ní àwọn àgbà sọ pé òmìrán méjì ló jà níbẹ̀, tí wọ́n ń sọ òkúta àti iyanrìn lu ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n di ọ̀rẹ́, wọ́n bá tiwọn lọ, wọn ò sì palẹ̀ mọ́. Mo ní níbí yìí, kò tíì rẹ àwọn òmìrán. Kò yé e. Mi ò ṣàlàyé, kò sì sẹ́lòmíì tó ṣàlàyé fún un. Ojú ló ń tì wá. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ jókòó ti ẹni tó la òkun kọjá, kó máa ròyìn orí màlúù?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló sọ̀rọ̀ iṣu. A sè é fún un, iṣu gidi, funfun, tó ń hó. Ó jẹ ẹ́, ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí òun ń wá. Ó ní iṣu kan wà ní erékùṣù àwọn tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ju gbogbo oúnjẹ lọ. Nígbà ìyàn àtijọ́, òun nìkan ló bọ́ àwọn baba ńlá wọn. Bó bá já bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ gbé e, kó fi ẹnu kò ó, kó sì bẹ̀ ẹ́. A ní báwo ló ṣe rí. Ó ní ó tóbi, ó nírun lára, omi pọ̀ nínú rẹ̀, àwọ̀ àlùkò sì ni inú rẹ̀. Gbogbo wa wojú ara wa.

"Ewùrà!" ni bàbá mi kígbe, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ewùrà! Èyí tí kò ṣeé gún, tó jẹ́ pé ọ̀jọ̀jọ̀ nìkan la fi ń dín! Nílé wa, ẹni tó bá gbé ewùrà síwájú àlejò, ìjà ló ń wá. Bàbá mi ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú pé ewúrẹ́ ló ń jẹ ewùrà. Ìyàwó wa kò bínú. Ó kàn bèèrè ibi tó ti lè rí i. Lójijì, olúkúlùkù rántí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, torí ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbìn ín ní àdúgbò wa, ilé kẹrin sí tiwa.

Ìparí ọdún ni ọjọ́ ìlú wa, tí gbogbo ọmọ Òsì máa ń wálé. Inú ìyàwó wa dùn débi pé kò lè jókòó. Ó ní ohun tí àwọn ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyí. Ó ní nínú oṣù Karùn-ún, ìlú kọ̀ọ̀kan ní Bohol ní ọjọ́ tirẹ̀ fún ẹni mímọ́ tó ń ṣọ́ wọn, bí ìlú yìí bá ṣe tirẹ̀ lónìí, ìyẹn á ṣe lọ́la. Wọ́n á sun odindi ẹlẹ́dẹ̀ lórí iná títí awọ rẹ̀ á fi máa pariwo lẹ́nu. Bàbá mi ní kó tún ibi ẹlẹ́dẹ̀ yẹn sọ. Gbogbo ilẹ̀kùn ló máa ń ṣí sílẹ̀, wọn kì í bi ọ́ pé ta ni ọ́. Bí wọ́n bá pè ọ́ wá jẹun tí o kọjá lọ, ìtìjú ńlá lo fi kan onílé yẹn, nítorí náà èèyàn lè jẹ ní ilé mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó tún kọ́ àwa obìnrin ilé ní ijó kan tí wọ́n ń jó ní ìlú ńlá tó wà ní òdìkejì omi sí wọn: ẹsẹ̀ méjì síwájú, ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, bí omi odò ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Nínú àgbàlá, ó rọrùn. Nígbà tí a dé pápá ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ ìlú, níwájú kábíyèsí àti gbogbo ìlú, ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn yẹn ló pa wá. Àwọn tó wà níwájú padà sẹ́yìn, àwọn tó wà lẹ́yìn ò dúró, ìdí kọlu ikùn, gèlè èmi fúnra mi bọ́ sílẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa ju ẹnikẹ́ni lọ.

Nígbà tí a ń darí bọ̀ wálé, mo ru àga méjì sórí, ìyàwó wa ń ṣáájú mi. Bàbá Kékeré jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń jẹun. Ẹni tó ń jẹun ò sì lè rí ẹni tó ń kọjá kó má pè é, ọ̀tá ni o, ọ̀rẹ́ ni o. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ẹ wá jẹun." Bí a ṣe ń sọ ọ́ ló sọ ọ́. Ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì mọ̀ pé "Á gba ibi ire" ni ìdáhùn, kó sì máa lọ.

Ìyàwó wa yà wọlé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fọ ọwọ́, ó bá wọn jẹun.

Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ àga kalẹ̀. Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà, mo dúró níbẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò jẹ́ kí n wọlé. Ewùrà sísè àti epo ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tí ìyàwó wa rí àwọ̀ rẹ̀, ó dìde, ó ń na ọwọ́ sí òkìtì tó wà ní kọ̀rọ̀. Ìyàwó Bàbá Kékeré bá a mú ọ̀kan, iṣu náà yọ̀ bí ìyàwó wa ṣe ń gbà á, ó já bọ́ gbì. Kí n tó ṣẹ́jú, ìyàwó wa ti wà nílẹ̀. Ó gbé ewùrà náà, ó nu iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, ó fi ẹnu kò ó, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní èdè wọn.

Ọwọ́ Bàbá Kékeré dúró sí agbede méjì abọ́ àti ẹnu. Ó wò mí. Ọ̀rọ̀ tó ju ìkíni lọ tó kọ́kọ́ bá mi sọ láti ọdún mọ́kànlá nìyí:

"Kí ló í sọ?"

Mo ní, "Ó ń tọrọ àforíjì."

"Lọ́wọ́ ta?"

"Lọ́wọ́ ewùrà."

Ó wo iṣu, ó wo obìnrin náà, ó ní, "Ewùrà mi yìí? Èyí tí bàbá rẹ ní ewúrẹ́ ni í jẹ ẹ́?" Ìyàwó wa rò pé wọ́n ti dárí ji òun, ó bá lọ mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e kan iwájú orí. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí n bá òun sọ fún bàbá yìí pé òun ti jẹ tirẹ̀, ó ti di dandan kó wá jẹ tòun lọ́la, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo lè yí ọ̀rọ̀ náà padà. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Bàbá Kékeré kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kí ó kó ewùrà mẹ́ta lọ. Lójú ọ̀nà, ìyàwó wa bi mí pé ta ni bàbá náà, mo ní àbúrò bàbá wa ni, mi ò fi kún un.

Lọ́jọ́ kejì, ó sè é, ó bó o, ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, ó da omi àgbọn àti ṣúgà sí i, ó wá ń rò ó lórí iná títí apá rẹ̀ fi kú, tí èmi gba igi lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó jinná, àwọ̀ àlùkò rẹ̀ rí bí aṣọ pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì lákòókò Lẹ́ńtì. Ó gbé e fún bàbá mi. Bàbá mi tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò, ó ní níbo la ti rí ewùrà. Àbúrò mi gbójú sókè, ó ń ka páànù àjà. Ìyàwó wa dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, tayọ̀tayọ̀, pé ilé àbúrò rẹ̀ ni, pé òun jẹun níbẹ̀, pé àbúrò rẹ̀ sì ń bọ̀ wá jẹun. Bàbá mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, akọ̀wé káńsù ni kó tó fẹ̀yìn tì.

"Ọ jẹun níbẹ̀?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dùn.

Bàbá mi tẹjú mọ́ abọ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo rí i pé ó ń wá ọ̀nà kan nínú òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Níkẹyìn ó ní, "Ẹni tó ti inú mi jáde ni mo wí. Èyí è ti inú mi jáde." Ó tún bu ṣíbí kan.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń sún mọ́ nígbà tí a gbọ́ ọ̀pá lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Kékeré ló dúró níta, ó wọ káftáàní tó fi ń kírun Jímọ̀. Ó ti rù ju bí mo ṣe rò lọ. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò sì wọlé. Bàbá mi wà lórí àga, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wa ló mọ̀ pé bó bá gbé ṣíbí yẹn kalẹ̀, kò jẹun mọ́ nìyẹn, kò sì ní láti pe ẹnikẹ́ni. Ó wo ṣíbí. Ó kọjú sí ògiri, ó ní, "Wá jẹun."

Bàbá Kékeré wọlé. Ó fa àpótí ìjókòó, ó jókòó, ó ní, "Ẹ sún un mọ́ mi." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà, láìsọ̀rọ̀, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, Bàbá Kékeré ní, "Orí màlúù ọjọ́ ọ̀hún, ó ti í rùn. Oòrùn ti pa á, ajá àwọn àna mi ni mo ní kí wọ́n gbé e fún. Mè lè gbé èyí tó í rùn fún ẹ̀gbọ́n mi."

Bàbá mi ní, "Kí ló dé tí ọ è sọ?"

"Ẹ è bi mí."

Bàbá mi yíjú padà láti ibi ògiri. Ó wo àbúrò rẹ̀ lójú, ó wo irun orí rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti hunjọ lórí abọ́. Ó ní, "Ọ ti darúgbó." Ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, bàbá tí mi ò rí kó sunkún rí, kódà níjọ́ tí ìyá mi kú.

Ìyàwó wa fà mí láṣọ. Ẹ̀rù ti bà á. Ó bi mí jẹ́jẹ́ bóyá ṣúgà ló pọ̀ jù. Mo mi orí pé rárá, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.